Ààbọ̀ Orí Káfíńtà àti Kóòṣì Tí Kò Tíì Dé

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, orí ló gbé e wọlé. A ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan tí a fi rí ẹjọ́. Apá ọ̀tún orí ọkùnrin náà ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Apá òsì kún fún irun tó ga tó ìka mẹ́rin. Ààlà àárín wọn tọ́ gbọọrọ, bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á.

Káfíńtà ni ọkùnrin yẹn. Ilẹ̀kùn tó bá ń ṣí tí kò han ládùúgbò wa, òun ló kàn án. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Agẹrun ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì, òun sì ni alága gbogbo agẹrun ìlú. Kábíyèsí jókòó, àwọn ìjòyè márùn-ún jókòó tì í, fáànù ẹlẹ́sẹ̀ gíga kan ń fẹ́ sí wọn lójú. Àwọn ọkùnrin gba gbogbo bẹ́ńṣì. Àwa obìnrin dúró sójú fèrèsé, ibẹ̀ ni a ti ń rí nǹkan dáadáa.

Kábíyèsí wo orí náà títí.

"Káfíńtà, ta ló ṣe ọ́ báyìí?"

"Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Agẹrun ni."

"Ìjà lẹ jà?"

"Rárá o. Ọ̀rọ̀ kóòṣì ni."

"Kóòṣì wo?"

"Kóòṣì ẹgbẹ́ wa, Kábíyèsí. Èyí tí wọn ò tíì mú."

Kí ó yé ẹni tí kò mọ̀: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan náà ni Káfíńtà àti Agẹrun ń tì lẹ́yìn. Aláṣọ Ọsàn ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà. Ìlú òkèèrè ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì tó dé ibẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni wọ́n lé kóòṣì wọn. Láti ìgbà náà, àga kóòṣì ṣófo, àmọ́ ẹnu àwọn ọkùnrin àdúgbò wa kò ṣófo.

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀.

"Kábíyèsí, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti gẹ irun kẹ́yìn. Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé mi ò ní fọwọ́ kàn án àfi tí ẹgbẹ́ wa bá gba ife."

Ìjòyè kan tó wọ gíláàsì da ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Wọ́n gbà á?"

"Wọn ò gbà á, bàbá."

"Kí ló wá gbé ọ dé ṣọ́ọ̀bù agẹrun?"

"Ọmọ mi ni. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ló ń ṣègbéyàwó. Ó ní, 'Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ máa fà mí lọ́wọ́ wọ gbọ̀ngàn, ẹ bá mi gẹ irun yìí.' Òun nìkan ni mo bí. Mo ní ẹgbẹ́ á dárí jì mí."

"O ṣe dáadáa. Máa wí lọ."

"Mo dé ibẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ó so aṣọ mọ́ mi lọ́rùn, ó tan kílípà, ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìgbà tó dé àárín orí ló bi mí pé ta ni mo rò pé ó yẹ kí wọ́n gbé wá. Mo ní Asárékiri."

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Àwa la fún un lórúkọ yẹn, Kábíyèsí. Kóòṣì kan ni tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Kì í jókòó. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ lòun náà á máa sáré lẹ́bàá pápá, á máa nawọ́, á máa kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan."

"Kí ló ń kọ?"

"A ò mọ̀, Kábíyèsí. Àmọ́ ó ń kọ ọ́."

"Kí ni Agẹrun wá wí?"

"Ó pa kílípà. Ó ní òun ò ní tàn án mọ́ àfi tí mo bá fi ẹnu ara mi sọ pé Onírùngbọ̀n ló tọ́ sí wa."

"Kóòṣì mìíràn nìyẹn?"

"Bàbá arúgbó kan ni, tó máa ń ká apá lé àyà. Kì í sọ̀rọ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, mi ò rí eyín rẹ̀ rí."

Agẹrun ò lè mú un mọ́ra. "Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í fi eyín hàn."

"Ìwọ dákẹ́, ó máa kàn ọ́," ni ìjòyè àgbà wí fún un.

Kábíyèsí fọwọ́ ra àgbọ̀n. "Káfíńtà, ṣé agẹrun kan ṣoṣo la ní nílùú yìí ni? Kí ló dé tí o kò gbé orí rẹ lọ síbòmíràn?"

"Mo gbé e lọ, Kábíyèsí. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ni mo dé. Ẹni àkọ́kọ́ ti so aṣọ mọ́ mi lọ́rùn kó tó bi mí pé ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe dárúkọ, ó tú u. Ẹni kejì ò jẹ́ kí n jókòó. Ẹni kẹta rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní òfin ẹgbẹ́ wọn ni pé orí tí agẹrun kan bá ti ṣí, agẹrun mìíràn ò gbọdọ̀ parí rẹ̀."

"Ta ló ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀?"

"Alága wọn."

"Ta ni alága wọn?"

Káfíńtà fi àgbọ̀n júwe Agẹrun. Ilé rẹ́rìn-ín.

"Òfin dáadáa ni, Kábíyèsí," ni Agẹrun wí. "Kó má bàa sí ìjà láàárín wa la ṣe ṣe é."

"Mo rí i pé kò sí ìjà," ni Kábíyèsí wí.

Ìjòyè onígíláàsì tún bọ́ sí i. "Ṣé ìwọ ò ní fìlà ni, Káfíńtà?"

"Mo ní, bàbá. Mo dé e. Apá òsì ń gbé e sókè, apá ọ̀tún ò ní ohun tó máa fi gbé e. Ó ń yọ̀ bọ́ sí mi léjìká. Ọmọ mi ní tí mo bá wá báyìí, òun ò ní bá mi wọlé. Ó ní àbúrò mi lòun máa ní kó fa òun lọ́wọ́."

"Àbúrò rẹ dà?"

Ọkùnrin kan dìde lórí bẹ́ńṣì. Ó wọ kóòtù tuntun, ó so táì, bàtà rẹ̀ ń dán. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ méjì gbáko.

"Kí lo wọ èyí sí?"

"Mo ń dán an wò ni, Kábíyèsí."

"Wọ́n ti ní ìwọ ni?"

"Wọn ò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo ti rí orí ẹ̀gbọ́n mi."

"Jókòó."

Ó rọra jókòó, kí aṣọ má bàa rún. Káfíńtà yíjú sí Kábíyèsí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Kábíyèsí, èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn ní ìrìn. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé ìdí àga, èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo fẹ́ bá a rin èyí náà. Ìyẹn nìkan ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún."

Kábíyèsí mi orí, ó nawọ́ sí Agẹrun.

Ó wá kan Agẹrun. Agẹrun mọ ọ̀rọ̀ sọ, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ wà. Ó na ọrùn, ó ní iṣẹ́ ìgẹrun kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ ọkàn ni. Ó ní ọkàn ni odò, ọwọ́ ni ọkọ̀. Ó ní tí ìjì bá jà lójú odò, ọlọ́gbọ́n a dá ọkọ̀ dúró. Ó fi odò àti ọkọ̀ gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun tó ń sọ ni pé inú bí òun.

"Sọ ọ́ kó kúrú," ni Kábíyèsí wí.

"Kábíyèsí, etí rẹ̀ ni mo dá sí."

"Etí ta?"

"Etí Káfíńtà. Bó ṣe pe Asárékiri ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kílípà wà lọ́wọ́ mi, etí rẹ̀ ò sì jìnnà. Ká ní mo ń bá iṣẹ́ lọ ni, etí á ti bọ́. Mo pa kílípà kí etí lè wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Kàkà kó dúpẹ́, ẹjọ́ ló pè mí."

Gbogbo wa wo etí Káfíńtà. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́.

"Ṣé ara rẹ ṣì ń gbọ̀n láti Mọ́ńdè títí di òní?"

"Ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Kábíyèsí. Àmọ́ bí mo bá ti rí i lójú títì, á tún bẹ̀rẹ̀."

"Tí o wá ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ pe Onírùngbọ̀n ńkọ́?"

"Ìwòsàn rẹ̀ nìyẹn. Tó bá pè é, ara mi á balẹ̀, màá parí orí rẹ̀. Mi ò béèrè nǹkan mìíràn."

"Agẹrun, kí ni Asárékiri fi ṣe ọ́?"

"Kábíyèsí, ojú wa ti rí nǹkan. Kóòṣì tí wọ́n lé yẹn, Atòògbé là ń pè é. Lọ́jọ́ tí wọ́n jẹ wá ní gòólù márùn-ún, kámẹ́rà ká a mọ́ ibi tó ti ń sùn. Gòólù kẹta ló jí i. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún padà sùn. Ẹni tó bá ti rí irú ìyẹn, àgbà tó lójú ló máa wá. Kì í ṣe ọmọdé tó ń sáré."

Káfíńtà ní, "Ṣé ẹni tó ń sáré lè sùn?"

Ìjòyè àgbà ronú sí i. "Làákàyè wà nínú ìyẹn o."

"Bàbá, ewúrẹ́ náà ń sáré," ni Agẹrun wí. "Ṣé ká lọ gbé ewúrẹ́ wá?"

"Onírùngbọ̀n tìrẹ ńkọ́? Ó ká apá, ó wolẹ̀. Báwo lo ṣe mọ̀ pé òun náà ò sùn? Irùngbọ̀n ni kò jẹ́ kó hàn."

"Ẹ gbọ́ ohun tí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé ń sọ."

"Ta ni kò jẹ́ kó pé?"

Kábíyèsí gbá ọwọ́ lé apá àga. Ó ní kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Awakọ̀ kan ló kọ́kọ́ jáde. Ó ń dúró kí ó kàn án ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.

"Kí lo rí?"

"Iná ló lọ, Kábíyèsí."

"Kì í ṣe Agẹrun ló pa kílípà?"

"Iná ló lọ. Kílípà dákẹ́ fúnra rẹ̀."

"Fáànù ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?"

"Ó ń yí."

"Rédíò?"

"Ó ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kóòṣì yìí gan-an ló ń sọ."

"Iná wo ló wá lọ?"

Awakọ̀ wo òrùlé. "Iná kílípà, Kábíyèsí."

"Lára àwọn kóòṣì méjì yìí, ta nìwọ ń fẹ́?"

"Onírùngbọ̀n. Àmọ́ kò kan ọ̀rọ̀ iná."

"Apá wo ni Agẹrun ti gẹ̀ kí iná kílípà tó lọ?"

"Apá òsì."

Gbogbo ààfin wo orí Káfíńtà. Irun kún apá òsì bí igbó.

"Awakọ̀, wo orí náà."

"Mo ń wò ó, Kábíyèsí. Inú dígí ni mo ti ń wò ó lọ́jọ́ yẹn. Nínú dígí, apá òsì ni."

"Ṣé inú dígí lo ti ń wo títì náà tí o bá ń wakọ̀?"

"Tí mo bá ń padà sẹ́yìn nìkan, Kábíyèsí."

Àwọn tó ti wọ ọkọ̀ rẹ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Wọ́n ní kó jókòó. Ẹlẹ́rìí kejì ni Aránṣọ, obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti Agẹrun. Ó gbé téèpù ìwọn-aṣọ kọ́rùn wá, iṣẹ́ ló ti dìde.

"Ṣé iná lọ, Aránṣọ?"

"Iná ò lọ, Kábíyèsí. Mo ń ránṣọ lọ́wọ́. Agẹrun fa wáyà jáde, ó ká a, ó fi òun àti kílípà sínú àpò."

"Irọ́ ni," ni Agẹrun wí.

"Àpò ṣòkòtò, apá ọ̀tún," ni Aránṣọ wí. "Ó ṣì yọ síta báyìí."

Wọ́n ní kí Agẹrun kó ohun tó wà lápò rẹ̀ jáde. Kílípà ni. Ó ti ń gbé e kiri fún ọjọ́ mẹ́rin.

"Ẹ̀rí ni mo gbé wá fún Kábíyèsí," ló wí.

Inú Káfíńtà dùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Aránṣọ, ó ní Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ má tíì dúpẹ́," ni Aránṣọ wí. "Kábíyèsí, mi ò wá gbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Agẹrun bẹ Káfíńtà. Etí mi ló ṣe. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, orúkọ kan ṣoṣo ni. Ẹ wí i, kò ní dun ẹnu yín. Ẹ ò tiẹ̀ ní láti gbà á gbọ́.' Káfíńtà ní kàkà kóun pe Onírùngbọ̀n, òun á kúkú gbé orí òun lọ bẹ́ẹ̀. Agẹrun ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ìgbéyàwó ọmọ yín ńkọ́?' Káfíńtà ní kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yí òun lọ́kàn padà. Ló bá dìde. Ó wọ aṣọ agẹrun lọ sílé."

"Mi ò wọ aṣọ kankan lọ," ni Káfíńtà wí.

"Aṣọ náà wà ní ṣọ́ọ̀bù ni, Agẹrun?"

"Kò sí ní ṣọ́ọ̀bù, Kábíyèsí. Mo ti ń wá a."

"Káfíńtà?"

Káfíńtà wolẹ̀. "Ọmọ mi ti fọ̀ ọ́. Ó wà lórí okùn."

Kábíyèsí ò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bi í, ìyẹn sì burú ju ariwo lọ.

"O ní o fẹ́ bá ọmọ rẹ rìn. Orúkọ kan ṣoṣo, o kò lè pè é nítorí rẹ̀?"

"Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni."

"Ṣé àwọn tó ni ẹgbẹ́ yẹn mọ̀ ọ́?"

"Wọn ò mọ̀ mí."

"Tí o bá pe Onírùngbọ̀n nínú ṣọ́ọ̀bù agẹrun, ṣé wọ́n á gbọ́?"

"Wọn ò lè gbọ́. Àmọ́ Agẹrun á gbọ́."

Ibẹ̀ ni òtítọ́ ti jáde, kò sì sí ẹni tó fi odò tàbí ọkọ̀ gbé e. Ó yẹ kí ẹjọ́ tán níbẹ̀. Àmọ́ ìjòyè àgbà wúkọ́.

"Kábíyèsí, kí a má purọ́, Onírùngbọ̀n kì í ṣe ẹni burúkú."

Ìjòyè onígíláàsì yí àga rẹ̀. "Ẹ forí jì mí, Olóyè. Ọmọ ọdún mélòó ni Onírùngbọ̀n? Ṣé kóòṣì là ń wá ni, àbí ẹni tá a máa tọ́jú?"

"Ìwọ ọmọ kékeré yìí, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Bọ́ọ̀lù là ń sọ, Olóyè. Kò sí àgbà nínú bọ́ọ̀lù."

Ìjòyè kẹta gbè lẹ́yìn àgbà. Ìkẹrin gbè lẹ́yìn gíláàsì. Ìkarùn-ún, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ní òun rò pé kí wọ́n kàn pe Atòògbé padà, nítorí ó ti mọ ilé náà. Àwọn mẹ́rin tó kù dojú kọ ọ́, pẹ̀lú Agẹrun àti Káfíńtà, ọwọ́ kan náà ni wọ́n nà sí i. Láti ọjọ́ mẹ́rin, ohun àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn ọ̀tá méjì fohùn ṣọ̀kan lé.

Kábíyèsí jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n pe ọmọ Káfíńtà wọlé. Nọ́ọ̀sì ni. Ibi iṣẹ́ ló ti wá, aṣọ funfun wà lọ́rùn rẹ̀, àárẹ̀ sì hàn lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Ta ló wù ọ́ kó jẹ́ kóòṣì?"

"Kábíyèsí, mi ò wo bọ́ọ̀lù."

"Rárá?"

"Ilé bàbá mi ni mo dàgbà sí, Kábíyèsí. Mo ti rí ohun tó ń ṣe fún ènìyàn."

"Kí nìwọ wá fẹ́?"

"Bàbá mi ni mo fẹ́. Mo fẹ́ orí wọn ní pípé. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi ló yẹ kí àwọn ènìyàn máa wò. Tí wọ́n bá wọlé báyìí, ta ló máa wo èmi?"

"Ṣé lóòótọ́ lo fẹ́ kí àbúrò bàbá rẹ fà ọ́ lọ́wọ́?"

"Mo sọ ọ́ kí ojú lè ti bàbá mi ni. Mo ní wọ́n á sáré lọ bẹ Agẹrun. Wọn ò lọ. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń ṣàlàyé Asárékiri fún mi."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, kíá, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Káfíńtà rí i. Mo rò pé ìgbà yẹn ni orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ún.

Kábíyèsí na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Àwọn ọkùnrin yìí ń wá kóòṣì. Mo ti rí i fún wọn, òun ló dúró yìí. Láti ìsinsìnyí títí wọ́n á fi parí ìgbéyàwó, Nọ́ọ̀sì ni kóòṣì yín. Ibi tó bá ní kẹ́ ẹ dúró, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró. Agẹrun, o máa parí orí yìí níwájú mi báyìí. Tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bá jáde lẹ́nu rẹ kí iṣẹ́ tó tán, Nọ́ọ̀sì á gba kílípà lọ́wọ́ rẹ, á gẹ ààbọ̀ orí tìrẹ. Mo sì ti mọ òfin ẹgbẹ́ yín, kò sí agẹrun tó máa bá ọ parí rẹ̀."

"Kábíyèsí, Nọ́ọ̀sì kì í ṣe agẹrun."

"Á di agẹrun lórí rẹ. Káfíńtà, tìrẹ nìyí. Orúkọ kóòṣì kan ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ títí Sátidé á fi parí. Ọjọ́ tó bá jáde, Nọ́ọ̀sì á yọ ọ́ kúrò nínú pápá, àbúrò rẹ á wọlé."

Àbúrò fọwọ́ tún táì rẹ̀ ṣe.

"Ìwọ, bọ́ kóòtù yẹn. Ẹni tó wà lórí bẹ́ńṣì kì í gbàdúrà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ẹsẹ̀ kọ. Awakọ̀, o kò gbọdọ̀ padà sẹ́yìn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ibi tí o kò bá ti lè yípo, fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí o fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Àwọn ìjòyè mi, ẹ̀yin lẹ máa gbá irun tó bá bọ́ sílẹ̀."

"Àwa márààrún?" ni ìjòyè àgbà wí.

"Ìgbálẹ̀ méjì ló wà. Ẹ máa gbà á fún ara yín."

Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà, fáànù ló sì wà níbẹ̀. Wọ́n yọ fáànù, wọ́n ki kílípà bọ̀ ọ́. Ooru mú Kábíyèsí, ó sì fara dà á. Káfíńtà jókòó. Agẹrun so ìbòrí tábìlì mọ́ ọn lọ́rùn, nítorí aṣọ tòótọ́ wà lórí okùn. Kílípà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Irun ọdún mẹ́ta ń bọ́ ní dìdì, àwọn ìjòyè ń gbá a.

Ó ku bí àtẹ́lẹwọ́ kan lókè etí òsì ni fóònù ìjòyè onígíláàsì dún. Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó kà á, ó yọ gíláàsì, ó nù ún, ó tún kà á.

"Wọ́n ti mú kóòṣì o."

Kílípà dúró.

Ó gbìyànjú orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, kò lè pè é. Ó gbé fóònù fún ìjòyè àgbà, òun náà ò lè pè é. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ káàkiri. Kò ní irùngbọ̀n. Kò sáré. Ó dúró nínú àwòrán náà bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Nínú gbogbo ilé, kò sí ẹni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Wọ́n fi han Agẹrun. Iṣan yọ lọ́rùn rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sí kílípà, ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Agẹrun pa ẹnu dé. Wọ́n fi han Káfíńtà. Omi lé sí i lójú, ó di apá àga mú lọ́wọ́ méjèèjì. Agẹrun tún tan kílípà. Àwọn méjèèjì wo ara wọn nínú dígí kékeré tí Aránṣọ gbé dání. Mi ò rí ènìyàn méjì tí ọ̀rọ̀ kún nínú wọn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó gẹ̀ ẹ́ tán. Orí náà mọ́, ó yí, ó dọ́gba. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ gbọn irun kúrò léjìká bàbá rẹ̀, ó gba apá rẹ̀ mú, ó ní kí wọ́n dán ìrìn náà wò. Wọ́n rìn láti iwájú Kábíyèsí dé ẹnu ọ̀nà, jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ kan náà. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wa, mo gbọ́ tí ọmọ náà bi í, pẹ̀lú ohùn tútù:

"Bàbá mi, kóòṣì tí wọ́n mú yìí, ṣé ó dáa?"

Káfíńtà gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta kó tó dáhùn.

"Mi ò mọ̀," ló wí.

Ọmọ náà di apá rẹ̀ mú dáadáa, wọ́n sì jáde lọ.